Owó-orí, Ẹnubodè àti Ẹ̀rí Ẹsẹ̀: Àyẹ̀wò Ìwádìí Àwùjọ lórí Ètò Ìjọba ní Agbègbè Adja-Ouèrè

Yorùbá ní ju orúkọ kan lọ fún owó tí aláṣẹ ń gbà. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn ń san fún onílẹ̀. Owó ibodè ni oníṣòwò ń san fún oníbodè kí ẹrù rẹ̀ tó wọ̀lú. Owó-orí ni èyí tí wọ́n ń ka orí gbà. Ìkẹyìn yìí ló gba ipò lọ́wọ́ àwọn tó kù: bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Kútọ̀nú bá san owó lórí èrè rẹ̀ lónìí, owó-orí la ń pè é, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ ò ní orí tí ènìyàn lè kà. Mi ò ka èyí sí àṣìpè. Ní agbègbè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹsẹ̀ kan náà ni kíka orí àti gbígba owó jọ gbé wọlé, ọ̀rọ̀ yìí ló sì wà nídìí ohun gbogbo tí mo ní í sọ nípa bí a ṣe lè fi ẹ̀rí díwọ̀n ètò ìjọba níbẹ̀.

Adja-Ouèrè jẹ́ ọ̀kan nínú kọmúnù (ìjọba ìbílẹ̀) márùn-ún tó wà ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn Bẹ̀nẹ̀; Ifangni, Sakété, Pobè àti Kétou ni mẹ́rin yòókù. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn tó lé ní 110,000 níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni apá kan, níbi tí ọ̀pẹ, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti ń ṣe dáadáa, irè wọn a sì máa wọ́ lọ sí ọjà Ikpinlè. Bí ènìyàn bá dorí kọ Massè, ilẹ̀ yí padà sí amọ̀ dúdú, ilẹ̀ àwọn Yorùbá Ọ̀họ̀rí, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ máa ń gba bàtà lọ́wọ́ àlejò nígbà òjò. Ẹrẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn: òun ni odi tí àwọn Ọ̀họ̀rí ní tẹ́lẹ̀, ọba Dàhómì ò lè kó wọn bó ṣe wù ú, ojú àwọn Faransé náà sì rí nǹkan nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó la ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Kétu (Kétou òde òní), Ọ̀họ̀rí àti Sábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, Ìlaròó àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fa ìlà náà ò mọ̀ pé ìdánwò ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ènìyàn kan náà, èdè kan náà, òrìṣà kan náà, ṣùgbọ́n ìjọba méjì, owó-orí méjì. Ohun tí onímọ̀ àwùjọ òde òní máa ń wá kiri pẹ̀lú owó gọbọi, ìyẹn ìlú méjì tó jọra ní gbogbo ọ̀nà àyàfi nínú ètò ìjọba wọn, ló wà nílẹ̀ níbí láti ọdún 1889.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ló kọ́kọ́ fi ojú yìí wo ọ̀rọ̀ náà láwòfín. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni, etí ẹnubodè ni wọ́n gbé bí i, nítorí náà kì í ṣe inú ìwé ló ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ènìyàn lè ní bàbá lábẹ́ Faransé kí ó sì ní ẹ̀gbọ́n lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 lórí ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ àwọn òyìnbó, láti 1889 títí di 1945, ó da ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba méjèèjì pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà. Ní Dàhómì, orúkọ tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ lábẹ́ Faransé, owó-orí bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lójú ọ̀nà, kíkó ọ̀dọ́mọkùnrin sí ológun, àti òfin tó fún aláṣẹ Faransé lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láì gbé e dé kóòtù. Ní òdìkejì, owó ẹrù tó gba èbúté wọlé ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbára lé. Ọdún 1918 ni wọ́n gbé owó-orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ogun Adùbí, ọ̀tẹ̀ àwọn Ẹ̀gbá sí i, sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Àwọn Ọ̀họ̀rí ti bá Faransé jà ṣáájú wọn, ní 1914 àti 1915, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì fi san án.

Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ni ẹ̀rí tí Asiwaju gbé karí jù. Ẹsẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn ń ṣí kúrò lábẹ́ Faransé lọ sí òdìkejì, ìdílé kan lónìí, agbolé kan lọ́la, nígbà mìíràn odindi abúlé. Wọn ò kọ ìwé ẹ̀hónú, wọn ò yan aṣojú. Wọ́n di ẹrù, wọ́n sì lọ. Lójú tèmi, kò sí ìwọ̀n ètò ìjọba tó ju èyí lọ. Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè lè parọ́. Ẹni tó fi oko ọ̀pẹ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ti sọ iye tí owó-orí yẹn ná an.

Ó yẹ kí a fura sí ẹ̀rí náà díẹ̀ ṣá. Ìlà 1889 kì í ṣe gègé tí wọ́n ṣẹ́. Ọba Dàhómì ti pa Kétu run ní 1886, kí wọ́n tó fa ìlà náà. Òwò Èkó àti kòkó ń fa ènìyàn lọ sí apá Gẹ̀ẹ́sì, yálà owó-orí wúwo tàbí kò wúwo. Èwo ni owó-orí lé kúrò, èwo ni owó kòkó pè? Asiwaju kò sọ pé òun lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. Ohun tó mú mi gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni ìgbà tí àwọn ènìyàn ń lọ: ìṣíkúrò máa ń le sí i nígbà tí ìkójọ ológun àti ìgbowó bá le.

Níbo ni owó náà wá ń lọ? Ìbéèrè yìí ni Patrick Manning gbìyànjú láti dáhùn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1982 lórí ọrọ̀ ajé Dàhómì láti 1640 sí 1960. Ó ṣe ìṣirò ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n ná, ó sì rí i pé láti ìgbà tí wọ́n ti so Dàhómì mọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Dakar, apá ńlá owó ẹrù ń kọjá lọ síbẹ̀, kò sì padà wá. Elise Huillery tẹ̀ lé e ní 2014 pẹ̀lú ìwé ìṣirò gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Àwọn ènìyàn Faransé máa ń rò pé àwọn ló tọ́jú wa. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nǹkan bíi 2 péré nínú 100 owó tó ń wọlé fún àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ló ti Faransé wá, àti pé gbogbo ohun tí Faransé ná lórí wọn kò ju 0.29 nínú 100 ìnáwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó ló ń jẹ apá ńlá nínú owó-orí àwa aláwọ̀ dúdú. Àwọn àgbà ti mọ èyí láì rí ìwé ìṣirò kankan, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí ó lè fi lé adájọ́ lọ́wọ́.

Láti ọdún 2001, ọ̀nà mìíràn láti díwọ̀n ètò ìjọba dé. Léonard Wantchekon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n bí ní Zagnanado, lo ìdìbò ààrẹ ọdún náà láti ṣe ohun tí wọn ò tíì ṣe rí: àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú gbà kí wọ́n ṣẹ́ gègé lórí abúlé. Ní àwọn abúlé kan, ìlérí ẹ̀bùn àti iṣẹ́ fún ọmọ agbègbè nìkan ni wọ́n gbé lọ. Ní òmíràn, ètò fún gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan. Ìlérí ẹ̀bùn ló mú ìbò wá jù, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin fetí sí ètò gbogbogbò ju àwọn ọkùnrin lọ. Ó tẹ èsì náà jáde ní 2003. Mo máa ń rántí àwọn ìyálọ́jà nígbà tí mo bá ka ibẹ̀ yẹn: àwọn ló ń san owó ìsọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, abájọ tí wọ́n fi ń béèrè ohun tí owó náà ń ṣe.

Ìdánwò kejì dá lórí owó-orí gan-an. Ní Kútọ̀nú, láti 2014, àwọn olùwádìí mú nǹkan bíi 3,600 oníṣòwò kéékèèké tí kò forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì fi gègé pín wọn. Àwọn kan gba àlàyé nìkan. Àwọn mìíràn gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ láti ṣí àkáùntì ní báńkì, àti ẹni tí yóò bá wọn bá àwọn agbowó-orí sọ̀rọ̀. Àlàyé nìkan kò mú ọ̀pọ̀ wá. Ìrànlọ́wọ́ kíkún fi bíi 16 nínú 100 kún àwọn tó forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èrè tí oníṣòwò rí níbẹ̀ kò tó nǹkan, ìnáwó ètò náà sì ju ohun tó mú wọlé lọ. Ẹni tó bá ti ra ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti lè jẹ́ kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀ kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un.

Ìkẹta kò ṣẹlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìlú Kananga ní Kóńgò, ìjọba fi gègé pín àdúgbò: òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó ilé ní apá kan, olóyè àdúgbò gbà á ní apá kejì. Ìwé tó jáde ní 2022 sọ pé owó tó wọlé níbi tí àwọn olóyè ti gbà á fi 44 nínú 100 ju ti òṣìṣẹ́ lọ, nítorí pé olóyè mọ ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Àwọn kan ti ń fi èsì yìí sọ pé kí a dá ìgbowó padà sọ́wọ́ àwọn baálẹ̀ wa. Ẹ rọra. Lábẹ́ Faransé, àwọn olóyè tí ìjọba yàn ló gba owó-orí ní ilẹ̀ yìí, ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa agbolé kọ̀ọ̀kan ló sì jẹ́ kí ìyà wọn dé ibi tí òyìnbó ò lè dé. Ẹni tó mọ ẹni tó ní mọ ẹni tí òun lè rẹ́ jẹ. Gègé Kananga kò lè sọ èyí fún wa, ìtàn Ọ̀họ̀rí lè sọ ọ́.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Àwọn ìkànìyàn àkọ́kọ́ ní Dàhómì, ìwé agbowó-orí ni wọ́n. Bí wọ́n bá gbọ́ pé akọ̀wé ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ a gba inú igbó lọ, ìyá a sì fi ọmọ mìíràn pamọ́. Nítorí náà, iye tó wà nínú àwọn ìwé náà kì í ṣe iye ènìyàn; iye àwọn tí kò ráàyè sá ni. Àṣà yìí kò parí pẹ̀lú òmìnira ọdún 1960. Bí ọmọ iléèwé gíga bá fi fóònù wọ agbolé lónìí, tó ń béèrè iye ewúrẹ́, iye kẹ̀gì epo pupa, iye ọmọ, èdè Faransé ni wọ́n sábà fi kọ ìbéèrè rẹ̀, bó sì ti jókòó lórí àpótí jọ ti agbowó. Ìdáhùn tó máa gbà yóò jẹ́ ìdáhùn tí wọ́n ń fún agbowó. Ẹni tó bá gbé irú iye bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti fi díwọ̀n ètò ìjọba ní Massè, ẹ̀rù ló fi ń díwọ̀n.

Mi ò torí èyí sọ pé kí a má kà. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1999 ti fún kọmúnù lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó tirẹ̀, tí ìdìbò àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ wọn sì wáyé ní 2002 sí 2003, iye owó tó ń wọ ilé mẹ́rì (ọ́fíìsì kọmúnù) láti ọjà ti di ohun tí ará ìlú lè bèèrè. Owó tí ìjọba orílẹ̀-èdè ti pín fún àwọn kọmúnù nípasẹ̀ FADeC, àpò owó ìdàgbàsókè kọmúnù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, náà wà lára rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí kọ́kọ́ ṣe ni kí ó lẹ ìwé mọ́ ògiri ọjà Ikpinlè, ní èdè tí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ń sọ: èyí ni a gbà lóṣù tó kọjá, èyí ni a fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá bèèrè iye ewúrẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan kù. Ìwé ìsanwó-orí àtijọ́, ti àsìkò Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà ní Pobè, ní Kétou, ní Ìmẹ̀kọ, àti ní àwọn abúlé àárín wọn, pẹ̀lú ọdún àti iye lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí i nígbà tí ẹ ń pín ẹrù olóògbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún.