Ìjà Tó Gbé Ẹ̀kọ́ Aláwọ̀ Dúdú Wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ṣé ẹ rántí pé Mungo Park la fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn Odò Ọya ní kíláàsì, bí ẹni pé àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ kò rí odò náà rí? A kọ́ ọ sórí, a sì fi yege ìdánwò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà kọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwọn fún yín.

Ní San Francisco State, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní California, ẹgbẹ́ Black Students Union ń bèèrè fún ẹ̀ka tí yóò máa kọ́ni ní ìtàn àti ìgbé ayé aláwọ̀ dúdú. Ní 1968 wọ́n gba Dókítà Nathan Hare láti ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò náà kò kúrò lórí ìwé. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí George Murray, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ẹgbẹ́ Black Panther, lọ rọ́kún nílé. Ọ̀rọ̀ bá dìjà. Lọ́jọ́ 6 oṣù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ kíláàsì sílẹ̀.

Kì í ṣe aláwọ̀ dúdú nìkan o. Àwọn tí ìran wọn wá láti Ṣáínà, Filipíìnì àti Mẹ́síkò dara pọ̀ mọ́ wọn. Ohun tí gbogbo wọn jọ bèèrè pé 15. Nígbà tó di January 1969, àwọn olùkọ́ kan náà daṣẹ́ sílẹ̀. (Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ṣé ẹ gbọ́?)

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti Hayakawa, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun. Lọ́jọ́ 2 oṣù kejìlá, 1968, ó gun orí ọkọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí, ó sì fa wáyà rẹ̀ já. Àgbàlagbà tó dé fìlà! Ọ̀mọ̀wé nípa èdè sì ni o. Àmọ́ ẹ̀rín ò pọ̀ nínú ìyókù: lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 23 January 1969, ọlọ́pàá kó èèyàn tó ju 400 lọ.

Ìjà parí ní March. Nígbà tí sáà tuntun wọlé lọ́dún náà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti di yunifásítì báyìí, wọ́n sì ń kọ́ ọ níbẹ̀ dòní. Murray ò padà síbi iṣẹ́. Hare tó ṣètò ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? Wọn ò tún gbà á síṣẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, òun àti Robert Chrisman wà lára àwọn tó dá ìwé àtìgbàdégbà The Black Scholar sílẹ̀. Ẹlòmíì ló wọ kíláàsì tó ti là sílẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ.