Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Mọ́tò Tó Ń Yí Ẹ̀rọ CNC

Bí mọ́tò ẹ̀rọ milling àtijọ́ bá jó, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bẹ́ẹ̀, ara irin rẹ̀ lè ṣì le koko. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí á tó ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí á mọ̀ pé ìtàn CNC gan-an kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n mú, tí wọ́n so mọ́tò mọ́ ọn.

Ní àwọn ọdún 1940, John T. Parsons ń ṣe abẹ́ hẹlikọ́pítà ní Traverse City, ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà. Ẹnjiníà rẹ̀, Frank Stulen, fi ẹ̀rọ onípáálí IBM ṣírò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú àmì tí irin ìgégi gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí abẹ́ náà tó lè tẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹnì kan á máa ka nọ́ńbà sókè, ẹni méjì á sì máa fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ, ọ̀kan fún X, èkejì fún Y. Iṣẹ́ náà péye, ṣùgbọ́n ó ń tánni lókun. Parsons wá ronú pé kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ka nọ́ńbà, kí mọ́tò sì máa yí i. Ní 1949, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ náà fún un, òun náà sì wá ìrànlọ́wọ́ lọ sí yàrá ìwádìí Servomechanisms ní MIT. Gordon Brown ló dá yàrá náà sílẹ̀ ní 1940, iṣẹ́ dídarí ìbọn ńlá ni wọ́n sì fi mọ̀ wọ́n nígbà ogun.

Àwọn ará MIT mú ẹ̀rọ Hydro-Tel ti ilé iṣẹ́ Cincinnati, wọ́n fi gíà àti ṣéènì so mọ́tò mẹ́ta mọ́ ọn, ọ̀kan fún X, ọ̀kan fún Y, ọ̀kan fún Z. Àpótí márùn-ún tó ń darí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ẹ̀rọ náà. Oṣù Kẹsàn-án 1952 ni wọ́n fi han aráyé. Ohun tó sọ mọ́tò wọ̀nyẹn di servo ni pé ohun kan wà tó ń ròyìn ibi tí tábìlì dé padà fún àpótí ìdarí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Mọ́tò tí kò ní ojú kò lè mọ̀ bí òun bá ti ṣìnà.

Ní Japan, Seiuemon Inaba ti ilé iṣẹ́ Fujitsu gba ọ̀nà mìíràn. Mọ́tò tiẹ̀ ń lo iná láti pàṣẹ, epo inú páìpù ló sì ń ṣe iṣẹ́ agbára. Kò nílò ìròyìn padà, ó sì mú kí ẹ̀ka rẹ̀, tó di ilé iṣẹ́ Fanuc ní 1972, lókìkí. Àfi bí epo rọ̀bì ṣe gbówó lórí ní 1973. Mọ́tò elépo ń jẹ agbára púpọ̀. Ní 1974, Inaba pa ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe tì, ó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Gettys ní Amẹ́ríkà láti máa ṣe mọ́tò servo DC. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míràn. Bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ì bá gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́.

DC náà ní àléébù tirẹ̀: kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ máa ń jẹ tán. Láti àwọn ọdún 1980 ni AC, tí kò ní kábọ́ọ̀nù, ti ń gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń sọ ẹ̀rọ ìgbà náà dọ̀tun lónìí sábà máa ń yọ DC, á fi AC sí i.

Ṣùgbọ́n èwo nínú AC? Kì í ṣe èyí tó tóbi jù. Ẹ kọ́kọ́ wọn skúrù tó ń ti tábìlì. Bí ó bá ń sún tábìlì ní mílímítà 5 lẹ́ẹ̀kan yíyí, mọ́tò tó ní torque 2 Nm á ti tábìlì pẹ̀lú nǹkan bíi 2,500 N, kí á tó yọ ohun tí ìfarakanra jẹ. Bí mọ́tò bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tábìlì á sáré mítà 15. Tí skúrù bá jẹ́ mílímítà 10, eré á di ìlọ́po méjì, agbára á sì di ìdajì. Torque tí mọ́tò lè gbé títí ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe èyí tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ wo bóyá drive mọ èdè encoder rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé mọ́tò Z ní bíréèkì, nítorí bí iná bá lọ, orí ẹ̀rọ lè já wálẹ̀ lu iṣẹ́.

Parsons kò béèrè mọ́tò tó lágbára jù, Inaba náà kò di èyí tó fẹ́ràn jù mú. Èyí tó bá iṣẹ́ mu ni àwọn méjèèjì wá.