Wíwá pààtì ẹsẹ̀ jíìpù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ẹsẹ̀ jíìpù ni àkójọ irin, rọ́bà àti epo tó so tayà mọ́ ara ọkọ̀, tó ń gbé ẹrù rẹ̀, tó sì ń pa gbígbọ̀n ojú ọ̀nà kó tó dé ara ẹni tó jókòó. Ṣọ́ọ̀kì, sípíríńgì, lówà áàmù, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, línkéèjì àti bọ́ọ̀ṣì wà lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru àti Ìlíṣàn, wọn kì í pẹ́ gbó. Ọkọ̀ tó sáré lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láàárọ̀ lè wà lọ́nà oko obì lọ́sàn-án. Ọ̀nà Ṣágámù sí Ìkòròdú, tó gba Ògijo kọjá, sì ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún mẹkáníìkì láti ọdún pípẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó, kó mọ ìran tí ọkọ̀ rẹ̀ ti wá. Orúkọ tó wà lẹ́yìn jíìpù kò tó. Land Cruiser 100, tó jáde ní 1998 tí wọ́n sì ṣe dé 2007, kò ní sípíríńgì níwájú. Ọ̀pá irin gbọọrọ tó ń lọ́ ló ń gbé e. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, 80, ní sípíríńgì níwájú àti lẹ́yìn. Irin pẹlẹbẹ tí a tò léra ló wà lẹ́yìn Hilux. Ẹni tó bá kàn béèrè “ṣọ́ọ̀kì Land Cruiser” lọ́jà yóò gba ohunkóhun tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́.

Mímọ ìran yìí tún ń sọ ọjà di fífẹ̀. Ẹbí kan náà ni Prado 120, 4Runner ìran kẹrin àti Lexus GX 470, ọdún 2002 ni gbogbo wọn jáde, ọ̀pọ̀ pààtì iwájú wọn sì bára mu. Ẹni tí kò rí ti Lexus, kó wá ti Prado. Ẹ̀yìn GX 470 ló yàtọ̀: báàgì afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Bó bá jò, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n á fi sípíríńgì sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ọkọ̀ náà kò ní lè gbéra sókè sódò mọ́.

Nọ́ńbà ṣásì, tí í ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ni a fi ń wá nọ́ńbà pààtì gan-an. Ti Toyota máa ń ní ìpín méjì. Àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí pààtì jẹ́: 48510 ni ṣọ́ọ̀kì iwájú, 43330 ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀. Ìpín kejì ló ń sọ ọkọ̀ tó ni ín.

Ibi tí Ṣágámù wà, níbi tí ọ̀nà Benin ti pàdé ti Èkó sí Ìbàdàn, jẹ́ àǹfààní ńlá. Ohun tí kò bá sí lọ́wọ́ onípààtì ìtòsí, a lè lọ wá a ní Èkó, ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí ọjà ASPAMDA ní Trade Fair, tàbí kí a kọjú sí ọjà Àrárọ̀mí ní Agodi Gate, Ìbàdàn. Kí a gbé ògbólógbòó pààtì dání lọ, kí a fi wọ́n wéra.

Ní ti tòkúnbọ̀, irin ni kí a rà, kì í ṣe rọ́bà tàbí epo. Lówà áàmù tòkúnbọ̀ tí kò tẹ̀, tí kò sán, sábà máa ń sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tòkúnbọ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbòmíràn, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì sì léwu jù ú lọ: bó bá já lórí eré, tayà á yẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Tuntun ni kí a ra, láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó lórúkọ, bíi KYB fún ṣọ́ọ̀kì tàbí 555 fún bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ayédèrú wọn náà pọ̀, nítorí náà kí a yẹ ìkọ̀wé ara páálí àti ti ara irin wò.

Kí a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ní méjì-méjì, ọ̀tún àti òsì. Bọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Kí mẹkáníìkì má ṣe dè é pa nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì. Kí tayà kọ́kọ́ kanlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà yóò lọ́, yóò sì ya láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni àláyìnmẹ́ǹtì.

Àwọn oníṣòwò irin ń ra àlòkù, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń dé ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Ògijo. Kí a gé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti gbó sí méjì kí wọ́n tó gbé e lọ, kó má bàa padà sọ́jà pẹ̀lú ọ̀dà tuntun lára.