Ẹ̀yà, Ìran àti Ààrò: Èdè Ìkànìyàn ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀

Láti ọdún 1980 ni ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ń bi gbogbo ènìyàn léèrè bóyá ilẹ̀ àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ni ìran wọn ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ àtẹ iye àwọn wọ̀nyí, ìyẹn àwọn Látínò, ní káúńtì kọ̀ọ̀kan lédè Yorùbá, “ẹ̀yà” ni yóò kọ́kọ́ sáré wá sí i lẹ́nu. Kò bá a mu. Látínò lè dúdú, ó lè pupa, ó lè funfun. Orírun ló so wọ́n pọ̀. A sì ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: Àgùdà tí Èkó fi pe àwọn tó ti Bràsíl àti Kúbà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láìka ìlú tí wọ́n ti kó baba ńlá wọn lẹ́rú sí. “Ìran Látínò” ni èmi yóò kọ.

Nílé níbí, ní Nàìjíríà, ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Láti ìkànìyàn 1963, ìjọba àpapọ̀ kò bi wá léèrè ẹ̀yà mọ́. Ti ọdún 2006 ka 621,509 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀; ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní 1,134,548. Nínú méjèèjì, o ò lè rí iye àwọn Ìgbò tó wà ní Okota àti Àjàò Estate, bẹ́ẹ̀ ìbò wọn fojú hàn: ní 2015 àti 2023, ọmọ Ìgbò ni ẹkùn ìdìbò Òṣòdì-Ìsọlọ̀ Kejì rán lọ sílé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn oníròyìn wa: ẹ má kọ “iye àwọn ọmọ Ìsọlọ̀” nígbà tó jẹ́ pé iye olùgbé lẹ fẹ́ sọ. Ọmọ Ìsọlọ̀ ni ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ibẹ̀ ṣẹ̀. Ará Ìsọlọ̀ ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ì báà jẹ́ Ìgbò, Ẹ̀gùn tàbí Tápà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lè lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nínú àtẹ.

Èyí tó le jù láti sọ lórúkọ ni ohun tí àwọn akànìyàn ń kà lẹ́nu ọ̀nà. “Ilé” kò ṣe é lò, torí pé nínú ilé oníyàrá kọjú-síra-wọn kan ní Máfolúkù, àwọn tó ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè tó mẹ́wàá. “Ìdílé” náà kò tó: oníṣòwò Ìgbò ní Okota lè ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tó ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ nínú ìkòkò rẹ̀, tí kò sì sí èyí tó bá a tan nínú wọn. Akànìyàn gbọ́dọ̀ ka gbogbo wọn pọ̀. Ààrò ni mo dábàá: ààrò kan, àwọn tó ń jẹ lórí rẹ̀, olórí ààrò. Ìyá àgbà tó ń ṣílẹ̀kùn fún akànìyàn yóò lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti bí àwọn ènìyàn ṣe pín sí àdúgbò, “ìtànkálẹ̀” ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àrùn ló ń tàn kálẹ̀. Ènìyàn ń tẹ̀dó ni. Ẹ jẹ́ kí àkọlé àtẹ náà jẹ́ “Ìtẹ̀dó Ìran Látínò ní Káúńtì Kọ̀ọ̀kan”, kí tiwa náà sì máa jẹ́ ìtẹ̀dó, láti Òṣòdì dé Èjìgbò.