Ìbẹ̀rù Ọmọdékùnrin Àjàyí, 1821 sí 1846

Nígbà tí a bá ń kọ́ ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, kíákíá ni a máa ń dé 1864, ọdún tí Samuel Àjàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọdékùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821 kì í pẹ́ lẹ́nu wa. A ó ní Ọlọ́run mọ ohun tí Ó ń ṣe, a ó sì ṣí ojú ìwé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Crowther fúnra rẹ̀ kò kánjú bẹ́ẹ̀.

Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní Sàró ní 1837, kò fi ìbànújẹ́ ọmọ náà bò. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó tún rí ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ó gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún tà á. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó wá burú débi pé ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wa ni ọmọ yìí o.

Ní oṣù kẹrin 1822, Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀. Òun àti ọmọkùnrin márùn-ún mìíràn ni wọ́n kó sínú Myrmidon. Wọ́n rí ẹran tí a so rọ̀ àti ọta ìbọn ńlá tí a tò jọ, wọ́n sì rò pé ẹran ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Ọmọ tí a ti fi pààrọ̀ ẹṣin rí, kí ni ì bá tún rò? Wọ́n rọra sún mọ́ ọn. Wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n rí i pé irin ni èkejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn atukọ̀ ti fi aṣọ wọ̀ wọ́n, ara sì ti tù wọ́n.

Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì a máa yára lé ẹ̀mí ìbẹ̀rù jáde lára ọmọ kí a tó bi í léèrè ohun tí ó rí. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 21, ohùn ọmọ náà ni Ọlọ́run kọ́kọ́ gbọ́ kí kànga tó hàn. Bí a bá bá àwọn ọmọ náà wí, wọn ì bá dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ì bá jẹ́ kí wọ́n rí pátákò náà?

Ní Sàró, Àjàyí kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Síbẹ̀ ìyá rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà ni ọmọ nígbà náà. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá.