Ijó Eégún àti Àwọn Tí Ilé Bọ́ Mọ́ Lọ́wọ́: Láti Kúsù dé Ọ̀yọ́túnjí

Ẹ̀sùn kan wà tí a máa ń fi kan àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ń jó ijó eégún ní Ọ̀yọ́túnjí, ní South Carolina: pé ijó wọn kì í ṣe ojúlówó, nítorí pé wọn kò bá a nílé baba tó bí wọn. Ìtàn Òkè-Ògùn kò gbe ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, àwọn Tápà lé Aláàfin Onígbogi kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Òfinràn, ọmọ rẹ̀, ló kó àwọn ènìyàn náà padà bọ̀. Wọ́n dó sí Kúsù. Lẹ́yìn náà wọ́n dé Ṣakí, ibẹ̀ ni Òfinràn sì wàjà sí. Ní Kúsù yìí, nígbà tí wọn kò ní ààfin, ni awo eégún di mímọ̀ fún àwọn Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Tápà, àní àwọn kan náà tó lé wọn nílé, ni a gbọ́ pé ó ti wá. Ìtàn mìíràn wà lóòótọ́. Síbẹ̀, Alápìn-ín-ni tí í ṣe olórí awo eégún jókòó láàárín Ọ̀yọ́ Mèsì. Ohun tí a kọ́ lẹ́yìn odi ti wọ inú ìjọba lọ.

Ijó ló kọ́kọ́ fa Walter Eugene King, tí a bí ní Detroit ní 1928, mọ́ra: ó bá ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe é lóòṣà ní Matanzas, ní Kúbà, ní 1959. Ó dá Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní 1970, ó tẹ Ifá ní Abẹ́òkúta ní 1972, ó sì di Ọba Adéfúnmi Kìíní.

Ṣùgbọ́n eégún ta ni wọ́n ń gbé? Ní Ṣakí, agboolé ló ni eégún. Oríkì ìdílé ni onílù fi ń pè é jó. Àwọn ará Ọ̀yọ́túnjí kò mọ orúkọ baba wọn tí a kó sọdá òkun. Ifá ni wọ́n ń dá kí wọ́n tó mọ ìdílé wọn. Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ gidi wà. Àwọn tó dó sí Kúsù pàdánù ìlú, wọn kò pàdánù èdè. Bí bàtá bá dún, ẹlẹ́sẹ̀ ijó mọ ohun tí ó wí. Àwọn ti Ọ̀yọ́túnjí ní láti kọ́ Yorùbá ná, kí wọ́n tó lè gbọ́ ẹni tí ìlù ń pè.