Ohun tí ó Yẹ kí Ọmọdé Kà: Ìtàn Ẹ̀rù àwọn Baba Wa àti ti Àwa

Kò sí ìran kan tí kì í bẹ̀rù nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀rù ni ó ń yí padà láti ìran dé ìran. Nínú ìwé kékeré yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ èrò àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá nípa ohun tí ó yẹ kí a fi lé ọmọdé lọ́wọ́ láti kà, láti ìgbà tí ìwé kọ́kọ́ dé àárín wa títí di ìsinsìnyí. A kò fẹ́ fi àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́yà, nítorí làálàá wọn ni ó jẹ́ kí àwa náà lè di kálámù mú. Síbẹ̀, bí a bá ń ka ìtàn, tí a sì fo ibi tí a gbé ṣì í, a kò tí ì ka ìtàn.

Kí ìwé tó dé, àwọn ọmọdé ilẹ̀ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò ní ògiri. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a sì ti jẹun tán, wọn a péjọ yí àgbàlagbà kan ká. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọn a kọ́kọ́ pa láti fi dán ọgbọ́n ara wọn wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlọ́ àpagbè, tí àwọn ọmọ a máa gbe orin rẹ̀. A kì í pàlọ́ ní ọ̀sán, nítorí pé iṣẹ́ ni a ń fi ọ̀sán ṣe. Kò sí ẹni tí ń bèèrè bóyá àlọ́ kan yẹ fún ọmọdé tàbí kò yẹ: ẹni ogún ọdún àti ẹni ọdún márùn-ún jókòó pọ̀, olúkúlùkù sì mú ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé. Ìjàpá jalè, ó parọ́, ó rẹ́ àna rẹ̀ jẹ. Nígbà mìíràn ojú tì í, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó mú un jẹ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mọ̀ pé a kò ní kí wọn ṣe bí Ìjàpá.

Àwọn ajíhìnrere CMS gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta ní 1846. Ẹ̀rù kan ń bẹ nínú ọkàn wọn tí ó ti wà níbẹ̀ kí wọn tó gbọ́ àlọ́ Yorùbá kan ṣoṣo. Ní 1799 ni a dá CMS sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún kan náà ni a dá Religious Tract Society sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń tẹ ìwé pélébé fún ìgbàlà ọkàn. Láti 1802 títí di 1806, ìyá kan nínú Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Trimmer, ń tẹ ìwé ìròyìn kan jáde tí ń yẹ àwọn ìwé ọmọdé wò. Nínú rẹ̀ ni lẹ́tà kan gbé dá ìtàn Cinderella lẹ́bi, pé ó ń kọ́ ọmọdé ní ìlara, ìgbéraga àti ìfẹ́ aṣọ. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó gba ilé ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kan ní ilẹ̀ náà nígbà tí àwọn ajíhìnrere wa ń dàgbà. Bí a bá lè bẹ̀rù ìtàn ilẹ̀ baba ẹni báyìí, báwo ni a kì yóò ti bẹ̀rù ìtàn ilẹ̀ àjèjì, tí iwin àti òrìṣà ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ kà kì í ṣe ohun tí ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìwé àkọ́kà kan tí a tẹ̀ ní 1849. Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850. Gbogbo Bíbélì sì di odindi ní 1884. Bí ọmọ bá ti mọ A, B, D, inú Ìwé Mímọ́, orin ìsìn àti ẹ̀kọ́ oníbèéèrè-àti-ìdáhùn ni ó ń gbà lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìwé sí àwọn ará Róòmù mọ̀ pé egungun ibẹ̀ le fún eyín àgbà pàápàá. Ohun ìyanu ni pé Crowther kan náà kó òwe púpọ̀ jọ sínú ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1852. Òun kò kẹ́gàn ọgbọ́n àwọn baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí ń kọ́ èdè wa ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún. Kì í ṣe ọmọ kékeré tí ó jókòó sórí ìjókòó ilé-ẹ̀kọ́.

Ní 1866, David Hinderer ti Ìbàdàn mú ìwé John Bunyan jáde ní èdè wa, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Bunyan kò kọ ọ́ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di tiwọn tipẹ́tipẹ́. Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Arìnrìn-àjò tí ó gbé ẹrù sẹ́yìn, òmìrán tí ń ti ènìyàn mọ́lé, abàmì ẹ̀dá tí ń dènà de èrò. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò mọ irú ìrìn-àjò yẹn rí? Àwọn iwin tí a lé kúrò lẹ́nu ìyá àgbà tún padà wọlé. A kàn pààrọ̀ aṣọ fún wọn ni.

Ní 1882 ni ìjọba ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan fún Èkó àti Gold Coast, tí owó ìrànwọ́ inú rẹ̀ sì gbé èdè Gẹ̀ẹ́sì lékè. Báyìí ni ìbéèrè yí padà. Àwọn ẹni ìṣáájú ń bèèrè pé, ‘Ǹjẹ́ ìwé yìí kò ní ba ọkàn ọmọ jẹ́?’ Àwọn òbí wá ń bèèrè pé, ‘Ǹjẹ́ ìwé yìí yóò fún un ní iṣẹ́ akọ̀wé?’ Nípa òṣùwọ̀n tuntun yìí, kì í ṣe àlọ́ nìkan ni kò yẹ mọ́. Yorùbá tìkára rẹ̀ di ohun tí a ń fojú tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1885, D. B. Vincent, ẹni tí ó sọ ara rẹ̀ ní Mọjọlá Agbébí ní 1894, tẹ Ìwé Àlọ́ jáde. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní abọ̀rìṣà. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé ènìyàn lè di Ìhìnrere mú ṣinṣin láìju àlọ́ nù.

Nígbà tí ó yá, ilé ìtẹ̀wé CMS pàápàá ṣílẹ̀kùn. Nínú Ìwé Kíkà Ẹ̀kẹrin tí A. L. Hethersett kọ, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ka ìtàn Ṣàngó. Ẹ wo ibi tí irúgbìn náà hù sí: nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, ọmọ olùkọ́ ìjọ wa ní Òṣogbo, gbé eré Ọba Kò So jáde ní 1963, ìtàn inú ìwé kíkà yẹn wà lára ohun tí ó lò. Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìlànà ẹ̀kọ́ kan lélẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Áfíríkà, tí ó fún èdè abínibí ní àyè. Ní 1938 ni ìwé D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, jáde: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ta ni ó tẹ̀ ẹ́? CMS ni. Ọdún 92 ni ó wà láàárín ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yìí wọ Abẹ́òkúta àti ọjọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìwé tí iwin kún fọ́fọ́, tí a sì fi í sí ọwọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí ni Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ gbilẹ̀ káàkiri. Ní 1973, Adébóyè Babalọlá kó àlọ́ Ìjàpá jọ sínú ìwé. Ohun tí a lé jáde bí ohun ìbàjẹ́ ti wá di iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé bí àlọ́ ti jáde lọ ni ó ṣe padà wá. Òru ni a ń pa á rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀sán ni a ń kà á. Orin tí gbogbo agbo ń gbè di ìlà mẹ́ta lórí tákàdá, tí ọmọ kan ń kà láìgbé ohùn sókè. Ẹ̀kọ́ tí olúkúlùkù ń mú gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ di ìbéèrè ìdánwò tí ó ní ìdáhùn kan ṣoṣo. A dá ọ̀rọ̀ náà padà fún ọmọ, a kò dá ohùn rẹ̀ padà.

Ó kù kí a sọ ti àwa fúnra wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, a fi pátákó kọ́ wa lọ́rùn nítorí pé a sọ Yorùbá ní àkókò eré. Nígbà tí a di àlùfáà, tí a sì fi ilé-ẹ̀kọ́ kan sí abẹ́ ìtọ́jú wa, a bá ìjìyà kan náà níbẹ̀. A jẹ́ kí ó wà fún ọdún méjì gbáko kí a tó fòpin sí i, nítorí pé àwọn òbí fẹ́ ẹ, àwa náà kò sì fẹ́ kí wọn kó ọmọ wọn lọ. Òṣùwọ̀n 1882 ni a ṣì fi ń wọn àwọn ọmọ wa, àwa tí a ń bá Sarah Trimmer wí.

Láti ìgbà náà, a ní kí ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa máa wá bá àwọn ọmọ pàlọ́ lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí ó kígbe pé ‘Ààlọ́ o!’, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, nítorí wọn kò mọ̀ pé ó yẹ kí a dáhùn. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ wọ́n ń wo ara wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ́ wọn ní ìdáhùn náà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé wà lórí tábìlì wa tí a fẹ́ fi kọ àlọ́ náà sílẹ̀ bí ó ti ń pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin dé, a pa ìwé dé, a sì bá wọn gbè é.